Kí Ló Dé Tí Àwọn Ọmọ Yẹn Ò Sá Lọ?

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka nófẹ̀lì méjì tẹ̀ léra wọn, The Three-Body Problem ti Liu Cixin àti Never Let Me Go ti Kazuo Ishiguro. Ti àkọ́kọ́, àwọn èèyàn inú ẹ̀ dà bí igi lójú mi, kò pẹ́ rárá tí mo fi gbàgbé orúkọ wọn, síbẹ̀ mi ò lè gbé ìwé yẹn sílẹ̀. Ti ìkejì dùn mí wọ egungun, àmọ́ ó tún bí mi nínú, torí wọ́n ní sci-fi (ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì) ni, kò sì sẹ́ni tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe dá àwọn ọmọ yẹn, kí ló tiẹ̀ dé tí wọn ò sá lọ? Ọ̀rẹ́ mi tó ń ka lítíréṣọ̀ gan-an ní mi ò mọ ìwé kà. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni mo ṣe lè kọ èrò mi sílẹ̀ tí kò ní jẹ́ 'ó dùn' àti 'kò dùn' nìkan?"

Àbúrò mi, o ṣeun. Sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ pé kó ṣe sùúrù. Ẹni tó parí ìwé méjì tí ìkan ṣì ń bí i nínú, ìyẹn kàwé jàre, ẹni tó yẹ ká máa bi léèrè ọ̀rọ̀ ni ẹni tó kà á tán tó pa á dé bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Àwọn ìwé méjèèjì tó o mú yìí gan-an, àfi bíi pé ńṣe ni wọ́n dìídì kọjú síra wọn, ìkan ṣàlàyé gbogbo ohun tó jẹ mọ́ sáyẹ́ǹsì tán porogodo, kò wá fi bẹ́ẹ̀ ráyè àwọn èèyàn inú ẹ̀, ìkejì mọ àwọn èèyàn tiẹ̀ tinú tẹ̀yìn, kò wá sọ nǹkan kan nípa sáyẹ́ǹsì.

Ohun tí mo fẹ́ kó o mú dání ò pọ̀. Ibi tí ìwé ti bí ẹ nínú, ibẹ̀ ni kó o padà sí, torí ibẹ̀ ni ìwé ti kọ̀ láti fún ẹ ní nǹkan tó ò ń wá. Iṣẹ́ òǹkàwé wá ni láti mọ̀ bóyá ńṣe ni òǹkọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ àbí kò ní nǹkan tó fẹ́ sọ níbẹ̀ rárá. Méjèèjì lè bí èèyàn nínú bákan náà o, àmọ́ wọn ò jọra. Mo sì fẹ́ kìlọ̀: màá tú àṣírí ìwé méjèèjì yìí àti díẹ̀ lára àwọn míì, ẹni tó bá fẹ́ lọ kà wọ́n fúnra ẹ̀, kó yáa dúró níbí.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó bí ẹ nínú. Ọdún 2005 ni Never Let Me Go jáde. Kathy H. ló ń sọ ìtàn, ọmọ ọdún 31 ni, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé ó ń tọ́jú àwọn tí wọ́n ti ń yọ ẹ̀yà ara wọn fún ẹlòmíì, òun náà ò sì ní pẹ́ di ọ̀kan nínú wọn. Òun àti Tommy àti Ruth jọ dàgbà níléèwé kan tó ń jẹ́ Hailsham. Torí àtiyọ ẹ̀yà ara wọn yìí ni wọ́n ṣe dá wọn, wọn ò ní bàbá, wọn ò ní ìyá, ara àwọn ẹlòmíì ni wọ́n ti mú wọn jáde. O ní wọn ò ṣàlàyé bí wọ́n ṣe dá wọn. Òótọ́ ni, kò sí dókítà kankan tó dúró síwájú pátákó tó ń yàwòrán sẹ́ẹ̀lì fún wa. Kí ìtàn tiẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti kọ ọ́ síwájú ìwé pé England ni, ní ìparí àwọn ọdún 1990, ìyẹn ni pé ìwé tó jáde ní 2005 gbé sáyẹ́ǹsì tí a ò tíì ní sí ìgbà tó ti kọjá, èèyàn ò wá lè fi ìbéèrè pé "ṣé èyí máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan?" sá fún un. Ó ti ṣẹlẹ̀, ó ti tán.

Àmọ́ padà lọ wo ẹni tí Kathy ń bá sọ̀rọ̀. Níbì kan tó ti fẹ́ sọ nípa àyẹ̀wò ara tí wọ́n ń ṣe fún wọn ní Hailsham, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ó kọ́kọ́ ní òun ò mọ bó ṣe rí níbi tí ìwọ wà o. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, èèyàn lè kà á kọjá láì fura. Ta ni "ìwọ" yẹn? Èmi kọ́, ìwọ àbúrò mi náà kọ́. Ẹni tí òun náà dàgbà sírú ilé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń yẹ ara tiẹ̀ náà wò, tí wọ́n máa yọ tiẹ̀ náà, ló ń bá sọ̀rọ̀. Ta ló máa ń ṣàlàyé ilé fún ará ilé? Kò sídìí tí Kathy á fi máa sọ bí wọ́n ṣe dá a fún ẹni tí wọ́n dá bákan náà, àwa tí à ń kà á, ńṣe la kàn dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí à ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọn ò pè wá sí. Tó bá jẹ́ pé Ishiguro jẹ́ kó ṣàlàyé pẹ́nrẹ́n, a jẹ́ pé àwa ló ń bá sọ̀rọ̀ nìyẹn, ìwé yẹn á sì bàjẹ́. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ, ó mọ ìdí tó fi sọ ààbọ̀.

Ti pé kí ló dé tí wọn ò sá lọ ńkọ́? Gbogbo èèyàn ló ń béèrè ẹ̀, má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ ẹ fi ìyẹn ṣe ẹ́ léèmọ̀. Nǹkan tó jẹ́ kó dá mi lójú pé Ishiguro mọ̀ pé a máa béèrè ni pé ó fún Kathy ní mọ́tò. Rántí o. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé ó ń wa mọ́tò kiri gbogbo England, láti ibi ìtọ́jú kan dé òmíì, òun nìkan, fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan tó jókòó tì í. Òǹkọ̀wé tó bá fẹ́ kí a gbàgbé ọ̀rọ̀ sísá lọ á ti wọ́n mọ́lé ni, á fi wáyà yí ilé ká, á kó sọ́jà síta. Eléyìí gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lé ọmọ lọ́wọ́, ó ní máa lọ.

Wá wo ọjọ́ tí òjò rọ̀ yẹn. Àwọn ọmọ dúró sábẹ́ òrùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá eré, àwọn ọmọkùnrin kan ń sọ bí ayé ṣe máa rí táwọn bá di òṣèré. Miss Lucy, ọ̀kan nínú àwọn olùtọ́jú wọn, gbọ́, kò lè mú un mọ́ra mọ́, ló bá là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé kò sí ìkankan nínú wọn tó máa lọ Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni tó máa di òṣèré fíìmù, wọ́n ti là á sílẹ̀ bí ayé wọn ṣe máa rí, kí wọ́n tó darúgbó, kódà kí wọ́n tó dàgbà dáadáa, wọ́n á ti máa yọ ẹ̀yà ara wọn. O mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀? Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ní ẹ̀n-ẹ́n, ṣebí a ti mọ̀. Tommy ló wá rò ó síwá sẹ́yìn nígbà tó dàgbà, ó ní bóyá ńṣe ni àwọn olùtọ́jú máa ń sọ nǹkan fún wọn nígbà tí ọjọ́ orí wọn ò tíì tó kó yé wọn, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, débi pé nígbà tó máa fi yé wọn, kò lè ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Wáyà wo ló máa lágbára tó ìyẹn?

Nígbà tí Kathy àti Tommy wá lọ bá Madame pàápàá, obìnrin tó máa ń wá kó iṣẹ́ ọnà àwọn ọmọ Hailsham lọ, wo ohun tí wọ́n lọ bẹ̀bẹ̀ fún. Wọn ò ní kí wọ́n dá àwọn sílẹ̀ o. Wọ́n ti gbọ́ pé tí ọkùnrin àti obìnrin bá fẹ́ràn ara wọn dénú, wọ́n lè sún ọjọ́ wọn síwájú fún ọdún mẹ́ta, bóyá mẹ́rin. Ọdún mẹ́ta! Ohun tó ga jù tí ọkàn wọn lè gbé dé nìyẹn, àhesọ lásán náà ló sì wá jẹ́. Ìbínú tó ń bí ẹ yẹn, Ishiguro ló fi í síbẹ̀ fún ẹ, ó fẹ́ kó o máa pariwo sí wọn kí wọ́n má gbọ́. Nítorí náà tó o bá fẹ́ kọ èrò ẹ lórí ìwé yẹn, ibẹ̀ ni kó o ti mú un, má tọrọ àforíjì pé inú bí ẹ, kàn sọ ojú ewé tí ìbínú ti bẹ̀rẹ̀ àti ohun tí ìwọ ì bá ṣe ká ní ìwọ lo wà nínú mọ́tò yẹn.

Ó yá, Liu Cixin. Ìwé ìròyìn sci-fi kan ní Ṣáínà ló kọ́kọ́ ń gbé e jáde díẹ̀díẹ̀ ní 2006, ó di odindi ìwé ní 2008, Ken Liu túmọ̀ ẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 2014, ó gba Hugo, ẹ̀bùn ńlá fún sci-fi, ní 2015, òun sì ni ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n túmọ̀ láti èdè míì tó gba Hugo ti nófẹ̀lì. Ẹ̀sùn tó o fi kàn án, mi ò ní bá a rojọ́ ẹ̀, o jàre. Wang Miao tí à ń fi ojú ẹ̀ wo nǹkan ní ìyàwó, ó ní ọmọ, ṣé o tiẹ̀ rántí wọn? Wọ́n yọjú níbẹ̀rẹ̀ nígbà tí nọ́ńbà àràmàǹdà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú fọ́tò tó ń yà, lẹ́yìn ìyẹn a ò fi bẹ́ẹ̀ gbúròó wọn mọ́. Ayé fẹ́ parẹ́, bàbá ọmọ ò sì rántí ilé! Ìdákẹ́ tibí yìí ò jọ ti Ishiguro. Ti Ishiguro, tó o bá wo ibẹ̀ dáadáa, wàá rí i pé ẹnì kan ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ti Liu Cixin, ibẹ̀ kàn ò wù ú ni.

Àmọ́ o ní o ò lè gbé e sílẹ̀, ìyẹn náà nídìí. Wo ibi tó kó gbogbo agbára ẹ̀ lọ. Nínú géèmù orí kọ̀ǹpútà kan tí Wang Miao ń ta, Newton àti Von Neumann, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, lọ bá Qin Shi Huang, ọba Ṣáínà àtijọ́, pé kó yá àwọn ní ọmọ ogun mílíọ̀nù 30. Wọ́n tò wọ́n sórí pápá, wọ́n fún wọn ní àsíá funfun àti dúdú. Ẹni mẹ́ta á dúró pọ̀, àwọn méjì á gbé àsíá sókè, ẹnì kẹta á wo tiwọn kó tó gbé tiẹ̀: táwọn méjèèjì bá gbé dúdú, kí òun náà gbé dúdú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, funfun ni. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹ́ta tòní á so mọ́ mẹ́ta tọ̀hún, títí gbogbo pápá lọ bí ilẹ̀ bí ẹní á fi di kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, àsíá ń ru sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, wọ́n ń ṣírò ibi tí oòrùn mẹ́ta máa gbà, kò sì sí ẹnì kan nínú àwọn ọmọ ogun yẹn tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣírò. Mo mọ àwọn tó ti fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún tó jẹ́ pé ojú ewé yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí inú ẹ̀ kedere.

Oòrùn mẹ́ta yẹn sì kúrò ní àròsọ. Tó bá jẹ́ nǹkan méjì péré ló ń fa ara wọn lójú òfurufú, láti ayé Newton ni wọ́n ti lè ṣírò ibi tí wọ́n máa wà lọ́jọ́ iwájú. Tí ìkẹta bá ti wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ dojú rú, kò sí fọ́múlà gbogboogbò tó lè yanjú ẹ̀, ìyàtọ̀ bíńtín níbẹ̀rẹ̀ á di ńlá tó bá yá. Liu Cixin wá fi èèyàn sórí plánẹ́ẹ̀tì tó ń yí irú oòrùn mẹ́ta bẹ́ẹ̀ ká, wọn ò mọ ọjọ́ tí ilẹ̀ máa mọ́, wọn ò mọ ìgbà tí ooru máa jó gbogbo ìlú. Ìṣòro yẹn ni ẹ̀dá ìtàn tó jinlẹ̀ jù nínú ìwé. Òun lo tẹ̀ lé tí o ò fi lè sùn.

Ẹnì kan ṣoṣo wà níbẹ̀ tí kì í ṣe igi ṣá, mo sì fẹ́ kó o padà lọ wò ó. Ye Wenjie. Níṣojú ẹ̀ ni wọ́n ṣe lu bàbá ẹ̀ pa ní 1967, ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì, àwọn ọmọbìnrin kéékèèké ló lù ú pa lójú èrò nígbà rògbòdìyàn Cultural Revolution ní Ṣáínà, ìyá ẹ̀ sì dúró níbẹ̀ tó ń ta ko ọkọ ẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ó fi oòrùn gbé ohùn aráyé lọ sínú òfurufú. Ìràwọ̀ tó sún mọ́ wa jù lẹ́yìn oòrùn, níbi tí oòrùn mẹ́ta yẹn wà, ìmọ́lẹ̀ máa ń lo ọdún mẹ́rin àti díẹ̀ kó tó débẹ̀, ó tún máa lo iye kan náà kó tó padà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ ni èsì tó dé, ẹni tó fèsì sì ń bẹ̀ ẹ́ pé má dáhùn, má dáhùn, tó o bá dáhùn a máa wá. Ó dáhùn. Nígbà tó tún rí lára àwọn ọmọbìnrin tó pa bàbá ẹ̀, tó ń retí kí ẹnì kan ṣáà ní òun kábàámọ̀, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe igi, àbúrò mi. Ọkọ̀ àwọn ará ibẹ̀ tún máa lo ọdún tó lé ní 400 kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, gbogbo ẹni tó wà nínú ìwé ti kú tán nígbà yẹn. Ìtàn tó gùn tó báyẹn, èèyàn kan ò lè gbé e, apá kan lára ìdí tí àwọn èèyàn inú ẹ̀ fi fúyẹ́ nìyẹn, apá kejì ni pé kò mọ ọ̀nà yẹn tó.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Ìwé tó o kà, kì í ṣe bí wọ́n ṣe tò ó nínú ìwé ti Ṣáínà gan-an nìyẹn. Nínú ìwé tó jáde níbẹ̀ ní 2008, àárín ni ikú bàbá yẹn wà, torí wọn ò fẹ́ kó fa ọ̀rọ̀ ìjọba, Ken Liu ló gbé e padà sí iwájú, òǹkọ̀wé sì fọwọ́ sí i, bó ṣe fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó kọ́kọ́ rí bàbá tó ń kú kó tó rí géèmù àti ẹni tó kọ́kọ́ bá géèmù pàdé, o ò lè retí kí wọ́n sọ nǹkan kan náà nípa ìwé yẹn.

Ti ọ̀rẹ́ ẹ wàyí. Àwọn tó jẹ́ pé lítíréṣọ̀ nìkan ni wọ́n ń kà, wọ́n ní àṣà kan tó máa ń pa wọ́n lára tí wọ́n bá dé inú sci-fi, gbogbo nǹkan ni wọ́n ń sọ di àkàwé. Samuel Delany, tó jẹ́ òǹkọ̀wé sci-fi tó tún jẹ́ lámèyítọ́, fi gbólóhùn kan ṣàlàyé ẹ̀ pé ayé obìnrin kan fọ́. Nínú nófẹ̀lì lásán, o mọ̀ pé ọkọ ẹ̀ ló lọ tàbí ọmọ ẹ̀ ló kú. Nínú sci-fi, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ plánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé gan-an ló bú gbàù. Ẹni tó ń ka sci-fi máa ń fi àyè sílẹ̀ fún méjèèjì títí ìwé á fi sọ èwo ni.

Ìwé tó fi èyí hàn jù lójú tèmi ni The Underground Railroad ti Colson Whitehead, tó jáde ní 2016, tó gba National Book Award lọ́dún yẹn, tó wá kó Pulitzer àti Arthur C. Clarke Award, ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ àti ẹ̀bùn sci-fi, pọ̀ ní 2017. Nínú ìtàn gidi ti Amẹ́ríkà, Underground Railroad kì í ṣe rélùwéè, àwọn èèyàn ni, àwọn tó ń fi ẹrú tó sá pamọ́ láti ilé kan dé òmíì títí wọ́n á fi bọ́. Whitehead kàn gbà á bó ṣe ń jẹ́. Ó gbẹ́ ihò sábẹ́ ilẹ̀, ó to irin sínú ẹ̀, ó gbé ọkọ̀ sórí irin. Cora, ọmọbìnrin ẹrú tó ń sá lọ, sọ̀ kalẹ̀ gba abẹ́ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Georgia, ó bá irin tó lọ rangandan sínú òkùnkùn, wọ́n wá béèrè pé ta ló gbẹ́ gbogbo èyí. Ìbéèrè yẹn ò lè wáyé tó bá jẹ́ àkàwé lásán ni, torí ihò gidi, ọwọ́ gidi ló máa gbẹ́ ẹ, o sì mọ ọwọ́ àwọn tó ń gbẹ́ nǹkan nílẹ̀ yẹn lásìkò yẹn. Ẹni tó bá kà á pé "àh, ọkọ̀ yìí dúró fún òmìnira" ti pàdánù ìdajì, ẹni tó bá sì jókòó tó ń béèrè bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọ inú ihò ti pàdánù ìdajì kejì. Ọ̀rẹ́ ẹ lẹni àkọ́kọ́, ìwọ lẹni kejì, mi ò bú ìkankan nínú yín o.

Ọ̀rọ̀ pé èwo ni sci-fi, èwo ni lítíréṣọ̀, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n máa to ìwé sí lórí pẹpẹ àti ẹni tí wọ́n máa bọ̀wọ̀ fún ló pọ̀ níbẹ̀. The Handmaid's Tale ti Margaret Atwood ló gba Clarke àkọ́kọ́ pàá ní 1987, síbẹ̀ Atwood máa ń sọ pé ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lòun ń kọ, kì í ṣe sci-fi. Ursula Le Guin, tó jẹ́ òǹkọ̀wé sci-fi, dá a lóhùn nínú The Guardian ní 2009, ó ní ó dà bíi pé ńṣe ló ń pààlà kí wọ́n má baà kó ìwé tiẹ̀ sí agbègbè tí àwọn lámèyítọ́ ò kà sí. Èmi gbà pẹ̀lú Le Guin. Lódìkejì, Orbital ti Samantha Harvey tó gba Booker, ẹ̀bùn lítíréṣọ̀, ní 2024, inú òfurufú ló wà látòkè délẹ̀, èèyàn mẹ́fà tó ń yí ayé po nígbà 16 lójúmọ́ kan, oòrùn ń yọ ó ń wọ̀, ó tún ń yọ, sci-fi kọ́ rárá, torí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lókè báyìí tí mò ń kọ̀wé yìí. Kò sí nǹkan tuntun kan nínú ẹ̀ tí ayé wa ò ní. Darko Suvin, ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ̀wé lórí èyí ní 1979, pe nǹkan tuntun yẹn ní novum, mo ṣì gbà pé òun ni ìdíwọ̀n tó dáa jù, ká wo nǹkan kan tí òǹkọ̀wé gbé wọ ayé tí gbogbo yòókù wá yí padà torí ẹ̀.

Torí kó o má rò pé gbogbo ìdákẹ́ àwọn ńlá ló nítumọ̀, mo máa dárúkọ ìkan tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Machines Like Me ti Ian McEwan, 2019. London ti 1982 ni, àmọ́ Alan Turing, onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó ti kú ní 1954 láyé gidi, ṣì wà láàyè níbẹ̀, ọkùnrin kan wá fi owó tó jogún ra róbọ́ọ̀tì tó dà bí èèyàn. Ọwọ́ ẹ̀ dán lórí gbólóhùn, kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Àmọ́ bó ṣe ń béèrè pé ṣé ẹni tó ra róbọ́ọ̀tì lè hùwà àìdáa sí i, àfi bíi pé ẹnikẹ́ni ò béèrè ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn òǹkọ̀wé sci-fi ti fi jà lórí ọ̀rọ̀ yẹn tí wọ́n ti kọjá ibẹ̀. Ìdákẹ́ ẹni tí ò gbọ́ ohun tí wọ́n ti sọ kó tó dé nìyẹn. Fi í wé Klara and the Sun tí Ishiguro kọ ní 2021, róbọ́ọ̀tì náà ni, oòrùn ló ń fún un lágbára, ó wá gbà pé oòrùn á wo ọmọ tó ń ṣàìsàn sàn, ó ń lọ bẹ oòrùn. Kò bi wá bóyá róbọ́ọ̀tì lẹ́mìí, ó kàn jẹ́ ká jókòó sínú orí ẹ̀.

Ti èrò kíkọ tó o béèrè. Kọ ọ́ kó o tó ka ti ẹlòmíì, èyí ni mo máa ń tẹnu mọ́ jù, torí tó o bá ti ka nǹkan tí àwọn lámèyítọ́ sọ, ọ̀rọ̀ wọn lo máa máa fi ronú láì mọ̀. Má sọ ìtàn inú ìwé látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sẹ́ni tó rán ẹ. Sọ ohun tí ogún ojú ewé àkọ́kọ́ ṣèlérí fún ẹ, kó o wá sọ bóyá ó san án. Never Let Me Go ò ṣèlérí sáyẹ́ǹsì fún ẹnikẹ́ni, obìnrin kan tó ń rántí ilé ìwé ẹ̀ ló ṣèlérí, ẹ̀yìn ìwé àti ẹnu àwọn èèyàn ló ṣèlérí sci-fi fún ẹ, ẹ̀bi yẹn kì í ṣe tiẹ̀. Mú ibì kan ṣoṣo, ibi kékeré, kó o kọ nípa ẹ̀ dáadáa ju kó o fọwọ́ kan ibi mẹ́wàá lọ. Tó o bá fẹ́ sọ pé ẹ̀dá ìtàn kan dà bí igi, mú ọ̀kan tí kì í ṣe igi nínú ìwé kan náà kó o fi wọ́n síra wọn, Wang Miao àti Ye Wenjie, òǹkàwé ẹ á rí ohun tó ò ń sọ lójú ẹsẹ̀. Má sì fún ìwé ní ìràwọ̀ márùn-ún tàbí méjì kó o tó kọ ọ́ tán, torí nọ́ńbà yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í darí ọwọ́ ẹ, wàá máa wá ẹ̀rí fún un. Ó sì lè jẹ́ pé èrò ẹ á yí padà láàárín méjì, ìyẹn náà, kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe yí.

Tó o bá ń wá èyí tí ìwọ àti ọ̀rẹ́ ẹ lè jọ kà kẹ́ ẹ má jà púpọ̀, tàbí kẹ́ ẹ jà dáadáa, Station Eleven ti Emily St. John Mandel ni màá mú fún yín. Ó jáde ní 2014, ó gba Clarke ní 2015. Àrùn kan pa ọ̀pọ̀ èèyàn ayé, ogún ọdún lẹ́yìn ẹ̀, àwọn òṣèré kan àti olórin ń rìn kiri, wọ́n ń ṣe eré Shakespeare fún àwọn tó ṣẹ́ kù. Ọ̀rẹ́ ẹ á rí gbólóhùn tó fẹ́, ìwọ á rí ayé tó dojú dé. Rosewater ti Tade Thompson, tó gba Clarke ní 2019, le ju ìyẹn lọ, ó bẹ̀rẹ̀ ní 2066, ó ń fò lọ sẹ́yìn ó ń fò bọ̀, kò ní dúró dè ẹ́, fi í ṣe ìkejì. Nínú Station Eleven, tó o bá dé ìparí apá àkọ́kọ́, wàá bá orí kúkúrú kan tó kàn jẹ́ pé àwọn nǹkan tí kò sí mọ́ láyé ni wọ́n tò síbẹ̀, òǹkọ̀wé fúnra ẹ̀ sì ní kò pé. Kó o tó ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e, mú bírò, kó o kọ ohun tó ò ń retí pé ó yẹ kó wà níbẹ̀ tí o ò bá a, kí ọ̀rẹ́ ẹ náà kọ tiẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi wéra.